Iná airbag tí kò fẹ́ kú: ìbéèrè tí àwọn onímọ́tò máa ń bi mí ní Apo, àti ìdáhùn mi

Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mò ń ṣe ní abúlé mẹkáníìkì Apo, níbí ní Abuja. Rìwáyà ni gbogbo ayé ń pè wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Sabon Gari ní Kano ni wọ́n ti bí mi. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Mararaba ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè mí lórí fóònù nípa iná airbag yìí, ìyẹn iná àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde láti gbà yín nígbà jàǹbá, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi mí ṣáá. Mo wá jókòó kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí n lè rí àyè ṣiṣẹ́.

Mọ́tò àgbà ni mo ní lọ́kàn, àwọn Corolla, Camry, Accord, Civic, Golf, Peugeot 307 tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún ọdún, tó ṣì ń rìn. Bó bá jẹ́ Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kaduna lẹ ṣì ń gùn, ẹ sinmi. Kò ní airbag, kò sì ní iná tí yóò dà yín láàmú.

Ọ̀gá, kí ni iná yìí ń sọ gan-an?

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì sítáàtì. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, títí kan àwòrán ẹni tó jókòó tí bọ́ọ̀lù wà níwájú àyà rẹ̀. Lórí mọ́tò mìíràn, SRS tàbí AIRBAG ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lákòókò yẹn, brain box airbag, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀, ń yẹ ilé rẹ̀ wò. Ó ń rán iná mànàmáná bíńtín gba inú airbag kọ̀ọ̀kan, gba inú bẹ́líìtì, ó ń bi àwọn sẹ́ńsọ̀ iwájú bóyá wọ́n wà níbẹ̀. Lórí Toyota, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ló máa ń gbà. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ẹ lóhùn, iná á kú. Bí ẹyọ kan bá dákẹ́, tàbí tó dáhùn ní ìdàkudà, iná á dúró, brain box á sì kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ pa mọ́. Orúkọ yẹn là ń pè ní kóòdù.

Iná ló ń pariwo, ibòmíràn ni ẹni tí wọ́n ń lù wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú sí ẹni tó bá ní "ẹ ṣáà bá mi pa iná yẹn." Bí iná náà bá wà lójú, airbag tí ọ̀rọ̀ kàn lè má bú lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Lórí àwọn mọ́tò kan, gbogbo wọn ni kò ní bú.

Tèmi kì í tàn rárá, kódà bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́. Ṣé mo ti bọ́ nìyẹn?

Ẹ ò tíì bọ́ o. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Iná airbag gbọ́dọ̀ tàn fún ìgbà díẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá tàn, gílóòbù rẹ̀ ti jó, tàbí ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì kan gbé Camry wá bá mi, kò tíì lò ó tó oṣù méjì. Iná rédíò ló ṣe wá. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo ń ka iná dáṣíbọ́ọ̀dù bí mo ṣe máa ń ṣe: ẹ́ńjìnnì, bátìrì, ọ́ìlì, ABS. Airbag kò sí níbẹ̀. Mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo bá tépù dúdú kan tí kò ju èékánná lọ, wọ́n fi bo ojú iná náà láti ẹ̀yìn. Mo wá tẹjú mọ́ àárín sítíárìn. Ìdérí rẹ̀ ti ya rí. Wọ́n fi gúùmù lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi pólíìṣì bàtà pa ojú àpá náà rẹ́. Ó yí mi lọ́wọ́ nígbà tí mo fi ìka nù ún. Mo ní kí Ìyá Ìbejì sún mọ́bí kó fojú ara rẹ̀ rí i. Fóòmù ìrọ̀rí ló wà nínú ibi tó yẹ kí airbag wà, wọ́n gé e ní igun mẹ́rin bí búrẹ́dì. Airbag yẹn ti bú nínú jàǹbá kan tẹ́lẹ̀, ẹni tó sì ta mọ́tò náà búra fún un pé kò lu nǹkan kan rí. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọkọ mi ló máa ń wà á lọ sí Kaduna lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀."

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ka iná dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó ka owó. Bí ẹni tó ń tà á bá ní "mọ́dẹ́ẹ̀lì yìí kò ní airbag," ẹ rántí pé òfin Amẹ́ríkà fi dandan lé airbag méjì níwájú mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1998.

PASSENGER AIRBAG OFF ló wà lójú tèmi. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Rárá. Bí kò bá sí ẹni lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ yín, tàbí tó jẹ́ ọmọdé ló wà níbẹ̀, mọ́tò á pa airbag ẹ̀gbẹ́ yẹn fúnra rẹ̀, á sì sọ fún yín pé òun ti pa á. Bí àgbàlagbà bá jókòó dáadáa síbẹ̀ tí kò sì kú, nígbà náà ni kí ẹ wá. SIDE AIRBAG OFF ti Honda jọ ọ́: ẹni tó sùn tó gbé orí ti ilẹ̀kùn lè mú un tàn.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè gbé e rìn báyìí? Ìlọrin ni mò ń lọ lọ́jọ́ Sátidé.

Mọ́tò á lọ. Iná airbag kò kan ẹ́ńjìnnì, kò kan jíà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Lokoja, ẹ mọ tírélà tó wà lórí rẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ lọ kí ẹ tó tún un ṣe, kí gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́tò de bẹ́líìtì, ẹni iwájú, ẹni ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì á ṣì di yín mú. Ohun tó lè má ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ tó máa ń fà á le gírígírí nígbà tí mọ́tò bá lu nǹkan, nítorí brain box kan náà ló ń pàṣẹ fún un. Bẹ́líìtì ni ọ̀gá, airbag ni ọmọ iṣẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú SRS yẹn pàápàá, "àfikún" ló túmọ̀ sí.

Ṣé kò ní bú mọ́ mi lójú lọ́jọ́ kan ṣá, nígbà tí iná rẹ̀ ti tàn?

Ó ṣọ̀wọ́n. Ohun tí iná náà sábà ń sọ ni pé kò ní bú nígbà tó yẹ. Àyàfi pé mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn tó ní Corolla tàbí Matrix 2003 àti 2004. Lóṣù kìíní ọdún 2013, Toyota pe irú wọn tó lé ní 700,000 padà ní Amẹ́ríkà láti tún wọn ṣe, nítorí brain box airbag wọn lè ṣiṣẹ́ gbòdì, kí airbag bú láìsí jàǹbá. Bí ti yín bá wà nínú wọn, tí iná airbag sì ń tàn, ẹ má fi ọ̀la lé ọ̀la.

Kí ni mo lè yẹ̀ wò fúnra mi kí n tó náwó?

Bátìrì lẹ kọ́kọ́ wò. Bátìrì tó yá, tó sinmi di òwúrọ̀, fóòtì 12.4 sí 12.6 ni mítà á kà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á wà láàárín bí 13.8 sí 14.5. Nígbà ọyẹ́, tí òwúrọ̀ Abuja bá tutù, bátìrì tó ti rẹ̀ á já wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sítáàtì, brain box á gbà pé iná kò tó òun, á tan iná. Mo ti rí àwọn tó ti ra clock spring (ẹ̀yà ẹ̀yìn sítíárìn tí mo máa ṣàlàyé níwájú) tuntun tán nígbà tó jẹ́ pé bátìrì ni. Ẹ wo fíùsì airbag náà.

Lẹ́yìn náà, abẹ́ ìjókòó. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí iṣẹ́ mi tó pọ̀ jù. Àwọn wáyà airbag ẹ̀gbẹ́, ti bẹ́líìtì, àti ti sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bóyá ènìyàn jókòó, gbogbo wọn ló gba abẹ́ ìjókòó kọjá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò, kí ẹ̀yin àti èmi lè mọ̀ pé kò yẹ ká fi wọ́n ṣeré. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ti ìjókòó síwá sẹ́yìn, wáyà yẹn ń fà. Ọmọ tó ń fọ mọ́tò á fi ọwọ́ gbá a, ìgò omi á yí wọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní Peugeot 206 àti 307 mọ ohun tí mò ń sọ.

Accord kan wà tí iná rẹ̀ ń tàn tó ń kú fún bí oṣù mẹ́ta. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, mo rí èèrà tó tò gbọọrọ. Mo tẹ̀lé wọn. Zobo ni ọmọ kan dà sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti gbẹ, ó ti di oje, ó sì ti wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò náà. Àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti hu ìpẹtà àwọ̀ ewé. Mo fi kẹ́míkà olómi tí a fi ń fọ ojú iná mọ́tò fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì eyín, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tì í padà títí tó fi dún "kọ́", mo pa kóòdù rẹ́. Bàbá tó ni ín bi mí pé èèló. Mo ní kó lọ ra ife onídèérí fún ọmọ rẹ̀ láti máa mu zobo. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sanwó iṣẹ́ mi.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò kankan, ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ sì dúró. Toyota ní kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90, Honda ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èmi máa ń dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti máa ń fi ra ẹ̀kọ àti àkàrà. Ìdí ni pé brain box máa ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú ara rẹ̀, kó lè bú airbag bí jàǹbá bá ti fọ́ bátìrì. Iná tó tọ́jú yẹn kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń tú u. Ẹni tó bá sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò yọ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lójú iná ti dá kóòdù tuntun sílẹ̀ nìyẹn, kódà bó bá tì í padà.

Fèrè mọ́tò mi kò dún mọ́, bọ́tìnì rédíò tó wà lórí sítíárìn ti kú, iná airbag náà wá tàn. Ṣé wọ́n jọ tan ni?

Wọ́n tan dáadáa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Clock spring ni ìyá wọn. Ó jẹ́ ríbọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ tó ká bí ẹní nínú ike róbótó lẹ́yìn sítíárìn. Bí ẹ bá ń yí sítíárìn, á máa tú, á máa ká, kí iná lè dé ọ̀dọ̀ fèrè, bọ́tìnì àti airbag láìjẹ́ pé wáyà lọ́ pọ̀. Ó ti tú ó ti ká fún ogún ọdún. Ọjọ́ kan á já.

Nígbà mìíràn kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi oníbàárà ni: "Ṣé wọ́n ṣe ráàkì sítíárìn yín láìpẹ́ yìí?" Mẹkáníìkì á tú ráàkì sílẹ̀, kò ní de sítíárìn mọ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á wọ inú mọ́tò, á yí sítíárìn yí po yí po bí ẹni tó ń wa tírélà. Ríbọ́ọ̀nù á fà já. Mọ́tò á kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ráàkì tuntun àti iná airbag, oníṣẹ́ á sì búra pé òun ò débẹ̀.

Lórí Corolla àti Camry àtijọ́, kóòdù B0100 sí B0103 ló sábà máa ń jáde. Lórí àwọn tó tẹ̀lé wọn, B1800 sí B1803. Ọ̀nà airbag dírẹ́bà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Kóòdù kò ní sọ bóyá airbag, wáyà, tàbí clock spring ni. Kí rìwáyà yín má sọ pé kí ẹ ra airbag láti orí kóòdù nìkan. Kí ó yọ airbag, kó fi rẹsítọ̀ àdánwò (ẹ̀yà iná kékeré tí brain box máa rí bí airbag) sí ààyè rẹ̀, kó wò bóyá kóòdù yí padà. Ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a dúró bí ẹ bá rí i tó fẹ́ fi mítà tàbí gílóòbù dán airbag fúnra rẹ̀ wò. Iná tó jáde nínú mítà lè tó láti bú u.

Bí wọ́n bá ń so clock spring tuntun, kí táyà iwájú dúró gbọnrangandan, kí clock spring wà ní àárín gẹ́gẹ́. Èyí tó jẹ́ tuntun máa ń ní tépù tàbí ike tó dè é sí àárín; kí wọ́n má tú u kó tó wọ ilé rẹ̀. Bó bá ti ṣí, kí wọ́n rọra yí i dé ìpẹ̀kun kan, kí wọ́n ka àyípo rẹ̀ dé ìpẹ̀kun kejì, kí wọ́n dá ìdajì padà. Èyí tí wọ́n kàn so bẹ́ẹ̀ á já nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí mọ́tò padà lójú ọ̀nà.

Wọ́n ti skáànù ún, wọ́n ní kò sí kóòdù. Ṣé iná ń parọ́ ni?

Skánà ló kéré. Èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń tà káàkiri, kóòdù ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀. Ti airbag, lẹ́tà B ló fi ń bẹ̀rẹ̀, inú brain box mìíràn ló sì wà. Ẹ bi rìwáyà yín bóyá skánà rẹ̀ ń wọ SRS. Bó bá ní "gbogbo rẹ̀ ló ń kà," kó ṣí i kí ẹ rí i lójú skánà.

Lórí Toyota àtijọ́, a máa ń fi wáyà kékeré so ihò 13 mọ́ ihò 4 nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì skánà, a ó wá ka bí iná airbag ṣe ń ṣẹ́jú. Ẹ má dán an wò nílé. Ihò 16 níbẹ̀ ní iná bátìrì tààrà, ẹni tó bá ṣì í so á ra ohun tí kò sọ pé òun fẹ́ rà.

Bí mo bá tú bátìrì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ńkọ́, ṣé kò ní gbàgbé?

Kò ní gbàgbé. Ọ̀pọ̀ brain box airbag ń tọ́jú kóòdù sí ibi tí kò nílò iná. Rédíò yín ló máa gbàgbé, á sì béèrè kóòdù tirẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹnìkan ní òun lè fi rẹsítọ̀ pa á fún mi, kò sì wọ́n.

Rẹsítọ̀ yẹn, owó ẹ̀pà ni lóòótọ́. Ó máa ń jọ airbag lójú brain box, iná á kú bí ẹni pé kò sí nǹkan. Àwa náà ń lò ó láti dán ọ̀nà wò, bí mo ṣe sọ, ìṣẹ́jú márùn-ún ni, a ó yọ ọ́. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ti fi ère rọ́pò ọlọ́dẹ. Èmi kì í ṣe é. Àwọn tó ń ṣe é wà nítòsí mi, wọ́n mọ̀ pé mo ń bá wọn wí. Ẹni tó máa ra mọ́tò náà lọ́wọ́ yín lọ́la kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan.

Omi wọ mọ́tò mi ní Lokogoma. Ó ti gbẹ, ó ń ṣiṣẹ́, àfi iná airbag.

Lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò, brain box airbag wà nílẹ̀, lábẹ́ àárín kọ́ńsóòlù, níbi tí omi kọ́kọ́ máa ń dé. Kápẹ́ẹ̀tì á gbẹ lókè, fóòmù abẹ́ rẹ̀ á ṣì máa ṣan omi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tú ìjókòó, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ sá gbogbo rẹ̀ sóòrùn, ẹ tú brain box wò. Bó bá ti hu ìpẹtà nínú, pípààrọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ẹ kí wọ́n ní ó ti yá. Ó lè yá lónìí kó ṣì í ṣe lọ́la, kò sì sí nínú ohun tí ènìyàn fi ń ta tẹ́tẹ́.

Airbag bú nígbà tí mo gbá ẹ̀yìn mọ́tò kan. Kí ni mo máa rà?

Ó ju airbag lọ. Bẹ́líìtì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti fà gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nítorí pé ó há, kò wọlé kò jáde. Sẹ́ńsọ̀ iwájú, ẹ wò ó. Clock spring, ẹ yí i padà, nítorí ooru airbag ti kọjá níbẹ̀. Brain box ti kọ jàǹbá náà sínú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tì í pa, skánà lásán kò lè pa á rẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò ní kí ẹ ra tuntun. Níbí, àwọn ọmọ tó ní láptọ́ọ̀pù ń bá ènìyàn pa jàǹbá rẹ́ nínú rẹ̀. Mo ti rí èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa, mo ti rí èyí tí wọ́n sọ di òkúta. Bí owó bá wà, ẹ ra tuntun. Bí kò bá sí, kí ẹni tó máa ṣe é kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sí láptọ́ọ̀pù kó tó yí lẹ́tà kan padà.

Ṣé mo lè ra airbag tòkunbọ̀ ní Zuba?

Wọ́n ń tà á. Ìṣòro mi ni pé ojú lásán kò lè mọ èyí tó ti wọ omi. Bí ẹ bá máa rà á, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti yín mu, kì í ṣe pé ó ṣáà wọlé. Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀, ẹ kọ ojú rẹ̀ síta, kó má kọ ojú sí àyà yín. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, kí ojú rẹ̀ wo òkè. Nǹkan tó ń kún láàárín bí ọgbọ̀n nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kì í fún ènìyàn láyè láti yẹra.

Takata tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Iná airbag mi kì í tàn, ṣé kò kàn mí nìyẹn?

Ó lè kàn yín gan-an. Ẹ fara balẹ̀ síbí.

Airbag sábà máa ń ní agolo irin kékeré kan, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ló ń bú bí ìbọn láti fi afẹ́fẹ́ kún àpò. Takata, ilé iṣẹ́ Japan kan tó ń ṣe airbag, lo ìyẹ̀fun ammonium nitrate nínú ọ̀pọ̀ tirẹ̀. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá ìyẹ̀fun yẹn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í bú wẹ́rẹ́ mọ́. Á fọ́ irin tó yí i ká, àfọ́kù irin á sì fò gba inú àpò wá bá ẹni tó jókòó. Ó ti pa ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 67 airbag ni wọ́n pè padà, nínú Honda, Toyota, Nissan, BMW àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Takata fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ lọ́dún 2017 láti kéde pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Àwọn tó burú jù ni Honda àti Acura kan láti 2001 sí 2003: àyẹ̀wò fi hàn pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó lè tó ìdajì nínú wọn tí yóò fọ́ báyẹn.

Ẹ wo irú mọ́tò tó kún ilẹ̀ yìí, ẹ wá wo oòrùn tó ń pa á níwájú ọ́fíìsì lóṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe.

Iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Wáyà ni brain box ń yẹ̀ wò, kì í yẹ ìyẹ̀fun wò. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ wá nọ́ńbà VIN, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ó wà ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níbi dírẹ́bà, àti lára férémù ilẹ̀kùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, nhtsa.gov/recalls, ọ̀fẹ́ ni. Bí mọ́tò yín bá wá láti Amẹ́ríkà, á sọ bóyá wọ́n ti pè é padà tí wọn kò tíì tún un ṣe. Bó bá ti Yúróòpù wá, ẹ wá ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bó bá wà nínú wọn, ẹ gbé nọ́ńbà náà lọ bá aṣojú ilé iṣẹ́ náà níbí, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Òun náà ló fi jẹ́ pé airbag àlòkù inú ọjà ń kọ mí lóminú: ẹ ò ní VIN mọ́tò tó ti jáde.

Mo rán ìbòrí ìjókòó tuntun, mo sì tẹ́ rọ́ọ̀gì sí orí dáṣíbọ́ọ̀dù nítorí oòrùn. Ṣé ó kan airbag?

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó yín, níhà ilẹ̀kùn. Bí àkọlé AIRBAG bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà jáde. Ìbòrí tí wọ́n rán pa mọ́ ibẹ̀ ti tì í mọ́lé. Ẹ ní kí télọ̀ ṣí ẹ̀gbẹ́ náà. Rọ́ọ̀gì dáṣíbọ́ọ̀dù, bó bá ti bo ojú airbag èrò, ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Páálí tíṣù, òdòdó ike, igo lọ́fínńdà onígíláàsì tó dúró níbẹ̀, ẹ kó wọn kúrò. Airbag tó bú á sọ gbogbo wọn di òkò. Ẹ̀yin náà, kí àyà yín jìnnà sí àárín sítíárìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ó kéré tán.

Ọmọ mi fẹ́ràn iwájú.

Ẹ̀yìn ni ipò rẹ̀ títí tó fi máa pé ọdún mẹ́tàlá. Ìjókòó ìkókó tó kọjú sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ wà níwájú airbag láé, iná ìbáà tàn, iná ìbáà kú.

Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kí ni kí n mú wá?

Kóòdù rédíò, bí mọ́tò yín bá ní irú rẹ̀. Ìròyìn gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí mọ́tò náà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pàápàá ráàkì, ìjókòó, pánẹ́lì àti fífọ inú. Ẹ má fọ inú mọ́tò kí ẹ tó wá, mo fẹ́ rí abẹ́ ìjókòó bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jimọ̀, ẹ wá kí ọ̀sán tó pọ́n tàbí kí ẹ dúró dìgbà tó bá di aago mẹ́ta, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á ti dé láti mọ́ṣáláṣí.